Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ọjọ́ Sátidé: Ẹ Dá Ìwé Náà Padà Sórí Pẹpẹ

Ẹ̀yin àgbà wa, alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń darí ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kí yín tọwọ̀tọwọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ọdún kẹfà rèé tí èmi náà ti ń yọ̀ǹda ara mi láti máa ka ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 lábẹ́ yín, nítorí náà kì í ṣe ará ìta ló ń bá yín wí.

Ìpinnu tí ẹ ṣe ní Sátidé tó kọjá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní kí a kó ìwé tí wọ́n ń pè ní A Monster Calls kúrò lórí pẹpẹ, kí ẹgbẹ́ ìkàwé àwọn ọ̀dọ́ má sì kà á mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ẹ ní iwin wà nínú ìwé náà. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ikú ìyá tó wà níbẹ̀ kò yẹ ọmọdé. Ẹ ní kì í ṣe ìwé Yorùbá. Ẹ kò pe èmi tí mo gbé ìwé náà wá, ẹ kò sì bi ọ̀kankan léèrè nínú àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó ń kà á, nígbà tó ku orí mẹ́rin péré kí wọ́n parí rẹ̀. Gbogbo òbí ló gba àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń fèsì níṣojú gbogbo òbí.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ mi, nítorí mo rò pé ẹ kò mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin kú ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ọmú ti bá a fínra fún ọdún méjì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún 12 nígbà náà. Bàbá ọmọ náà ń gbé ní Kánádà, ó sì ti ní ìdílé mìíràn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wá ń gbé, ìyá wa sì wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá mi tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ohun tí àṣà ní kí a ṣe ni a ṣe. Nítorí pé òkú ọ̀fọ̀ ni, tí òbí kì í sì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, a kò jẹ́ kí ìyá wa dé itẹ́ òkú, àwọn àgbà sì ní kí ọmọ náà dúró ti màmá àgbà nílé. Nígbà tí a padà dé ní ìrọ̀lẹ́, a bá àwọn méjèèjì lórí àga kan náà, kóòtù ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà, kò sí ẹni tó tan iná.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti pa ẹnu mọ́. Ó ń jẹun, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bí a bá bi í ní ìbéèrè ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Bí àlejò bá dé, wọn á ní kí ó ṣe bí ọkùnrin, kí ó má sunkún, pé màmá rẹ̀ ń sinmi. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́jọ ni a fi wà báyìí.

Ní ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, òjò lé wa wọ ilé ìkàwé ìjọba tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó fa ìwé kan yọ nítorí àwòrán dúdú tó wà lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Òjò dá, kò dìde. Ó kà á títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó sì tún ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó na ìwé náà sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó sí ilé ìdáná, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá mi lórí ìwé náà.

2. Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ kò tíì kà á, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí.

Ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Conor ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nìkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí Amẹ́ríkà, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ti bímọ níbẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ náà kò wọ̀, ló ń bọ̀ wá gba ilé. Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú méje, igi yew tó wà ní àárín itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì lórí òkè ẹ̀yìnkùlé wọn dìde, ó rìn wá sí ojú fèrèsé rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ìtàn mẹ́ta ni òun máa pa fún un, Conor ni yóò pa ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹrin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ tí ó ń fi pamọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ibi kan wà nínú ìwé náà tí n kò lè kọjá. Ọmọ náà fọ́ pálọ̀ ìyá àgbà túútúú, títí kan aago àtayébáyé tí màmá náà jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ẹgba ni mo ń retí. Màmá náà wọlé, ó wo gbogbo rẹ̀ yí ká, ó figbe ta bí àgbàlagbà kì í ti í figbe ta níwájú ọmọdé, ó sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lórí ìdúró, ó wó o lulẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí ìyá mi lórí àga yẹn nínú òkùnkùn, tí gbogbo wa ń sọ fún un pé kí ó mọ́kàn le. Ọmọ ń sunkún ìyá, ìyá ń sunkún ọmọ, inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ẹnì kìíní kò sì mọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe kọ ìwé náà. Siobhan Dowd, òǹkọ̀wé tí àwọn òbí ará Ireland bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ro ìtàn yìí. Ó ti ní àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kí jẹjẹrẹ ọmú tó pa òun náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ní ọmọ ọdún 47. Patrick Ness ni wọ́n gbé e fún láti kọ ọ́, Jim Kay sì ya àwòrán rẹ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 2011. Ní ọdún 2012, ó gba àmì ẹ̀yẹ Carnegie fún ìtàn, ó sì gba ti Kate Greenaway fún àwòrán, kò sì sí ìwé kankan tó tíì gba méjèèjì pọ̀ rí kí ó tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń yan ìwé tó ń gba àmì ẹ̀yẹ méjèèjì, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni láti fi ìwé tó yẹ lé ọmọ tó yẹ lọ́wọ́.

3. Ẹ ní iwin wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń kà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní yàrá kejì, ní àyíká kan náà, ní wákàtí kan náà? Ogbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ní Èkó ló kọ́kọ́ tẹ ìwé Fágúnwà yìí jáde ní ọdún 1938, ìjọ kò sì rí ohun tó burú nínú iwin rẹ̀. Àkàrà-ògùn kò tíì sọ ìtàn ara rẹ̀ jìnnà tí ó fi sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú àti bí bàbá rẹ̀ ṣe tẹ̀ lé e. Ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, a ń kọ orin Olúrónbí, obìnrin tó fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ sí i, àwọn òbí ń ya fídíò wọn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abẹ́ ìtàn ìrókò àti Olúwéré, kí ló ṣàjèjì sí yín nínú igi tó ń sọ̀rọ̀ lóru?

Igi yew kì í sì ṣe èṣù nínú ìwé náà. Ẹ lè rí i fúnra yín ní ọgbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ilẹ̀ yìí, igi ńlá tí ewé rẹ̀ dúdú, tó lè lo ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Májèlé ni ewé rẹ̀. Síbẹ̀, láti ara ewé igi yew ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe docetaxel, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú. Nínú ìtàn náà pẹ̀lú, oògùn tí ìyá Conor gbẹ́kẹ̀ lé kẹ́yìn, ara igi yew ni ó ti wá. Orúkọ docetaxel yìí wà lára àpò omi tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àbúrò mi. Ọmọ rẹ̀ ló rántí rẹ̀, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn tí a ka ìwé náà, ó bẹ̀ mí kí n mú òun lọ wo ọ̀kan. A rí ọ̀kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì méjì dé. Èèpo rẹ̀ pupa níbi tó ti bó, ìdí rẹ̀ tóbi ju kí àwa méjèèjì dì í mọ́ra lọ. Ọmọ náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Igi yìí gbìyànjú." N kò rí nǹkan sọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wo ibi tí ìbọ̀rìṣà wà nínú ìyẹn.

4. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ikú ìyá kò yẹ ọmọdé. Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ wa wà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò tíì parí ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí fún wọn. Òtítọ́ tí Conor ń fi pamọ́ kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù kí ìyá rẹ̀ má kú. Ohun tí ó ń fi pamọ́ ni pé ara rẹ̀ kò gba ìdúródè náà mọ́, pé ibì kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí ó ti fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí, ó sì gbà pé nítorí èyí ó yẹ kí ìyà jẹ òun. Igi náà kò dá a lẹ́bi. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọkàn ènìyàn lè fẹ́ ohun méjì tó tako ara wọn ní àkókò kan náà, àti pé èrò ọkàn rẹ̀ kọ́ ló ń pa ìyá rẹ̀.

Ní alẹ́ kejì tí mo parí ìwé náà, mo bi ọmọ mi pé ibo ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé náà sí ibẹ̀, ó fi ìka sí i, ó ní, "Èmi náà fẹ́ kó parí." Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí a lò kẹ́yìn ní ọsibítù, òun gbàdúrà sí Ọlọ́run nínú ilé ìwẹ̀ pé kí ó tán, kí òun lè lọ sùn nílé, ìyá òun sì kú ní ọjọ́ kejì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ ọdún 12 fi gbé e sọ́kàn pé àdúrà òun ló pa ìyá òun. Ní oṣù mẹ́jọ yẹn náà, a ń sọ fún un pé kí ó ṣe bí ọkùnrin. A ń gbé oúnjẹ fún un, a ń ra bàtà fún un, a ń gbàdúrà lé e lórí, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa, èmi náà pẹ̀lú, tó jókòó tì í láti pe orúkọ ikú kí ó lè rí àyè sọ tirẹ̀. Ìwé kan tí òjò mú wa bá pàdé ló ṣe é.

Ó sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi sùn lọ. Ariwo rẹ̀ ló gbé ìyá wa dìde. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtàn náà fún ìyá wa ní Yorùbá, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti bí mi. Ó ní ìyá tirẹ̀ kú nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sọ fún òun pé ó lọ sí ọjà, òun sì ń lọ jókòó sí oríta ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti máa wo àwọn tó ń bọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó wá sọ fún òun pé kí òun má lọ mọ́. Òun fúnra òun ló dá dúró, ní ọjọ́ tí òun rí ẹlòmíràn tó ró aṣọ ìyá òun.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé a ń dáàbò bo ọmọdé nígbà tí a bá ń fi ikú pamọ́ fún wọn. Àwa kan náà la ń mú wọn tò níwájú òbí ní ayẹyẹ ìparí ọdún, tí wọ́n ń ké e pé ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, ọjọ́ ìyá kú ni wúrà bàjẹ́, ọjọ́ bàbá kú ni dígí wọmi. A ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọmọ àbúrò mi wà lórí ìlà yẹn ní oṣù keje ọdún tó kọjá, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó ń ka gbólóhùn yẹn láì gbé ojú sókè, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Àjọ Winston's Wish, tó ti ń ran àwọn ọmọ tí òbí wọn kú lọ́wọ́ ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1992, ń gba àwọn àgbà níyànjú pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sọ fún ọmọ pé ẹni náà kú, kí wọ́n má sọ pé ó sùn tàbí pé ó rìnrìn àjò. Inú ìwé kọ́ ni ikú ti kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ wa. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́sàn-án tó wà ní ẹgbẹ́ ìkàwé wa ni òbí wọn ti kú. Ẹ kò bi wọ́n.

5. Ẹ ní kì í ṣe ìwé Yorùbá. Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kà á, Yorùbá ni a fi ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, bí ẹ bá yà wọlé ẹ ó gbọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ìkíni nìkan ni wọ́n mọ̀ ti béèrè ìtumọ̀ ọ̀fọ̀, ìdárò, àti ọmọ òrukàn. Ọmọbìnrin kan fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ fún màmá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kí i pé ẹ kú ara fẹ́ra kù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ àbúrò mi kọ́ láti sọ pé àárò màmá òun ń sọ òun. Ó ní èyí yé òun ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí àárò ló ń wá bá òun, òun kọ́ ló ń lọ wá a. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní èdè yìí, n kò tíì rí ìwé tó fà á jáde lẹ́nu wọn báyìí.

6. Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tèmi. N kò kọ̀wé sí àwọn òbí ṣáájú láti sọ ohun tí ìtàn náà dá lé lórí. Ọmọ ọdún 11 kan sunkún délé, ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tó fà á, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi tó òbí létí ni àtúnṣe rẹ̀, kì í ṣe kí a kó ìwé kúrò nílẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ dá ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà padà sórí pẹpẹ kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka orí mẹ́rin tó kù, kí òbí tí kò bá fẹ́ kọ̀wé láti yọ ọmọ tirẹ̀ nìkan. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì, ó kéré tán, ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ, kí wọ́n sì wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kí wọ́n gbọ́ wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ má kó ìwé kankan kúrò láìpe ẹni tó gbé e wá àti àwọn tó ń kà á. Àti pé kí ẹ pe ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ òrukàn wá bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, àwa òbí àti olùkọ́, nítorí a kò mọ̀ ọ́n ṣe, èmi sì ni ẹ̀rí àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà tí ẹ ó kà, tèmi wà nílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí àwọn ibì kan nínú rẹ̀. Mo ti bi í bóyá kí n pa á rẹ́ kí n tó gbé e fún yín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ,
Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, ẹgbẹ́ ìkàwé àwọn ọ̀dọ́, Lọ́ńdọ̀nù